Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta Náírà Lórí Kòkúmọ́

Ẹ̀gùá,
Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù Kọkànlá, 2019.

Ọlámipọ̀ ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé o ń jẹun, àbí ìwé ni o kàn ń kà ṣáá? Ọlọ́run tó mú wa rí ìdajì oṣù yìí kò ní fi ọ́ sílẹ̀ láàrin àwọn tí kò mọ ilé bàbá rẹ. Tí o bá bi wá, a wà, àmọ́ èmi kì í rí oorun sùn mọ́. Bí mo bá ti fẹ̀yìn lélẹ̀, bodè tí wọ́n tì láti oṣù Kẹjọ ni n ó kọ́kọ́ rò, àti ẹ̀gẹ́ wa tó ń jẹrà nítorí pé àwọn tó ń wá rà á láti òdì kejì kò lè wọlé mọ́. N ó kúrò níbẹ̀ bọ́ sórí ilé epo ọ̀nà Ayétòrò, tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ ta epo mọ́ torí pé a súnmọ́ bodè jù, bí ẹni pé àwa la gbé bodè wá síbẹ̀. N ó ro ikọ́ ìyá rẹ. N ó ro obìnrin tó ń gbé fóònù rẹ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè ọ́, òun ló ń gbé e, Faransé ló sì ń sọ. Mo kí i dáadáa, mo ní kó bá mi pè ọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń tún sọ, ó wá gé fóònù mọ́ mi lẹ́nu. Bí ẹ bá jọ ń gbé yàrá kan náà ni, sọ fún un pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀ sí àgbà.

Ṣùgbọ́n ohun tó lé oorun lọ pátápátá ni ìwé orin tí o tẹ̀.

Àbáyọ̀mí awakọ̀ ló kó méjì wá fún wa lọ́jọ́ Ajé, pẹ̀lú lẹ́tà rẹ. Má rò pé inú mi kò dùn, mo ka ìwé gírámà dé òpin, mo mọ ohun tí à ń pè ní magasíìnì. A ní ọ̀kan nílé ìwé wa nígbà náà. Àwòrán ọ̀gá àgbà ló wà níwájú rẹ̀, ó jókòó, ó wo ẹ̀gbẹ́ kan, kò sì sí iye owó kankan lára rẹ̀. Ìwọ kọ̀wé pé olùkọ́ yín ní kí ẹnìkọ̀ọ̀kan yín ṣe magasíìnì orin fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àti pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní ìlànà: ojú ẹnìkan ni kó gba iwájú ìwé, kó máa wo ẹni tó ń kà á tààrà, kí orúkọ ìwé tóbi lókè, kí àwọ̀ má ju mẹ́ta lọ, kí ẹ sì fa gbólóhùn kan yọ nínú ọ̀rọ̀ ẹni náà, kí ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́. O ní ìdí rẹ̀ ni pé kí ẹni tó bá rí i láti òkèèrè ti mọ ohun tó jẹ́.

Ọmọ mi, a rí i láti òkèèrè. A sì mọ ohun tó jẹ́.

Ṣé o rántí igi máńgòrò tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ń dúró sí kí èèyàn tó wọ ìlú? Láti ìgbà tí bodè ti tì ni wọ́n ti lẹ ìwé kan mọ́ ọn. Ojú ọkùnrin kan gba gbogbo ìwé náà, ó ń wo èèyàn tààrà, lẹ́tà pupa ńlá wà lókè, owó tí wọn yóò fún ẹni tó bá mú un wá wà nísàlẹ̀. Wàyí o, wo tìrẹ. Kòkúmọ́ àbúrò mi, Bàbá Olórin yín, ló wà níbẹ̀, ó ń wò wá tààrà. Lẹ́tà pupa lókè. Ó gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dání níwájú àyà, bí àwọn ọlọ́pàá ṣe máa ń ní kí olè gbé ohun tó jí dání kí wọ́n tó ya fọ́tò rẹ̀. Nísàlẹ̀, àwọn ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ dúró bí irin fèrèsé àtìmọ́lé, nọ́ńbà gígùn wà lábẹ́ wọn, ta ni kò sì mọ̀ pé ẹlẹ́wọ̀n ló ń ní nọ́ńbà? Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú àmì róbótó kan: ₦500. Mo wò ó títí. Ọkùnrin ara igi jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba. Ìyá rẹ ní bóyá torí pé Kòkúmọ́ ti dàgbà ni.

Orí rẹ̀ tún bo apá kan orúkọ ìwé náà. O ní ìlànà nìyẹn pẹ̀lú, pé ìwé tí ayé ti mọ̀ kò nílò kí orúkọ rẹ̀ hàn tán. Ṣùgbọ́n ìtẹ̀jáde kìn-ín-ní ni o kọ sí abẹ́ rẹ̀. Ta ló ti mọ̀ ọ́n?

Mo wá ṣí inú rẹ̀. Nígbà tí o wá ya fọ́tò Kòkúmọ́ lóṣù Kẹsàn-án, ó sọ fún ọ pé kò sí bodè tí òun kò kọjá rí. Ọ̀rọ̀ ìgbà èwe rẹ̀ ni, nígbà tó ń kọrin bólòjò kiri Pọ́bẹ̀ àti Kétu ní òdì kejì. O kọ ọ́ ní kékeré láàrin ìtàn, ìyẹn dáa. O tún wá kọ ọ́ ní gàdàgbà nínú àpótí kan, bí akọ̀wé kóòtù ṣe ń tún ọ̀rọ̀ ẹni tó jẹ́wọ́ kà sí etí adájọ́. Ní irú ọdún yìí, Ọlámipọ̀!

Tẹ̀rùtẹ̀rù ni mo mú ọ̀kan lọ fún un. Ẹ̀rín ló ń rín. Ó ní òun kò mọ̀ pé òun ṣì rẹwà tó báyìí. Mo ṣàlàyé owó yẹn fún un, Mẹ̀dínátù ìyàwó rẹ̀ sì pàtẹ́wọ́, ó ní ta ni yóò san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lórí ẹni tí òun ti ń bọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Kòkúmọ́ ní kó rọra, kí iye náà má baà wọ́n sí i. Ó lẹ ìwé náà mọ́ fèrèsé rẹ̀ tó kọjú sí títì. Mo ní kó yọ ọ́, ó ní láti inú oyún ni ẹ̀rù ti ń ba èmi.

Lọ́jọ́bọ̀, ọkọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù dúró níwájú ilé rẹ̀ níṣojú mi. Ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ bọ́ sílẹ̀, ó wo fèrèsé, ó wo Kòkúmọ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó tún wo fèrèsé. Ó wá rẹ́rìn-ín, èyí ló bà mí lẹ́rù jù. Ó bèèrè bóyá bàbá tó wà níbí yìí nìyẹn. Ló bá tọwọ́ bọ àpò, ó yọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà, ó ń fi ìka kan tọ́ka sí ₦500 tó wà lára ìwé, ó na owó náà sí Mẹ̀dínátù. Mẹ̀dínátù figbe ta pé òun kò ta ọkọ. Kí a tó bojú wẹ̀yìn, Kòkúmọ́ ti gba ẹ̀yìnkùlé, ó ti wọ inú oko ẹ̀gẹ́. Ọmọ náà dúró, ó ní kí ló dé, kí ni òun ṣe. Ó fi òkúta tẹ owó náà mọ́ ojú fèrèsé, ó rọra yọ ìwé náà, ó ká a dáadáa, ó mú un lọ. Mo mọ̀ pé ẹ̀rí ni wọn yóò fi í ṣe.

Láti ọjọ́ náà, òdì kejì ni Kòkúmọ́ wà, lọ́dọ̀ àwọn ẹbí ìyá wa ní Pọ́bẹ̀. Ó ránṣẹ́ pé òrùlé ibi tí òun ń sùn ń jò, àyà rẹ̀ tí kò gba òtútù sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun kò ní padà títí wọn yóò fi ní àwọn kò wá òun mọ́, àti pé bí òun tilẹ̀ fẹ́ padà, sọ́jà ti wà ní gbogbo ọ̀nà oko. Ẹni tí kò sí bodè tí kò kọjá rí, èyí tó kọjá gbẹ̀yìn yìí ni kò mọ bí yóò ṣe padà lórí rẹ̀. Mẹ̀dínátù gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ọkọ rẹ̀ wá fún mi kó má baà máa rí i. Mo fi kọ́ ara ògiri. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, á dún díẹ̀, ìyá rẹ á sì dìde jókòó, á ní ta nìyẹn.

O ní olùkọ́ yín fún ọ ní máàkì tó ga jù torí pé o pa gbogbo ìlànà mọ́. Mo bá ọ yọ̀, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n kó gbogbo ìwé náà jọ lọ́wọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, má fi ọ̀kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí o tẹ èkejì, kí o tún fi ojú rẹ̀ síwájú, kí o fi lẹ́tà pupa kan náà kọ ọ́ pé a kò wá Kòkúmọ́ mọ́. Má fi owó kankan sí i. Kí ẹni tó bá rí i láti òkèèrè tún mọ̀.

Jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ tí n ó fi wá bá ọ nílé ìwé yín ránṣẹ́ sí mi láti ọwọ́ Àbáyọ̀mí, epo ti sọ ọkọ̀ di ọ̀wọ́n. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà tó wà lábẹ́ òkúta yẹn, ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, àwọn ọmọdé pàápàá ń yà fún un. Èmi ni n ó gbé e. N ó dì í sínú áńkáṣíìfù, n ó dá a padà fún olùkọ́ yín lójú rẹ, kí ó fọwọ́ sí ìwé fún mi pé a kò gba owó, a kò ta àbúrò wa. Má jẹ́ kí ó di pé òun ni n ó fi wọkọ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ lé ẹni tó fẹ́ràn rẹ kúrò nílé mọ́. Yóò ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ, yóò sì ṣọ́ ti Kòkúmọ́ níbi tó wà. Dúró dè mí. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, ni n ó gbéra.

Bàbá rẹ,
Cornelius.