Iye Sójà Inú Ẹ̀jẹ̀ Ọkọ Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ọkọ yín àtàwọn ọmọ. Ara ìyá wa le. Ọmọ mi ti hu eyín méjì, èmi ló sì kọ́kọ́ fi gé jẹ.

Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ. Kòrónà gbé e dé orí ọ́síjìn. Dókítà ní àwọn sójà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà ló ń kú, pé bí wọ́n ṣe ń kú tó ni àìsàn náà ń le tó. Àràárọ̀ ni wọ́n ń kọ iye kan sára pátákó ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń kà á láti ojú fèrèsé. Mo rò pé iye àrùn ni, mo sì ń gbàdúrà kó wálẹ̀. Ìgbà tó gòkè fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, mo bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì ní, "Ìyàwó káfíńtà, àwọn sójà tó wà láàyè là ń kà. Ṣé o fẹ́ kí wọ́n kú tán ni?"

Lánàá wọ́n yọ ọ́síjìn. Ó ní ta ló ń lo ayùn òun. A ti ṣẹ́gun, ẹ̀gbọ́n mi.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí. Ẹ jọ̀ọ́, tí ọkọ mi bá pè yín, ẹ má jẹ́ kó gbọ́ irú àdúrà tí mò ń gbà.

Àbúrò yín