Fọ́tò Ọjọ́ Tí Bàbá Mi Fò Kúrò Nínú Ọkọ̀

                                        Ilé Iṣẹ́ Ìwé Ìròyìn Wa,
                                        Òpópónà Etíkun,
                                        Apia, Samoa.
                                        Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Òkúdu, 2019.

Ianeta, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Òtútù Auckland tí o ní ó fẹ́ gé ọ létí jẹ, ṣé ó ti rọlẹ̀ díẹ̀? Orúnkún màmá rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ oògùn? Ẹ kú àárò ilé o. Àwa tí ẹ fi sílẹ̀ ní Vailupe wà láàyè, à ń jẹ, à ń mu, ara gbogbo wa le. Ohùn wa nìkan ló há, ariwo ló fà á.

Mo mọ̀ pé Sakaria àbúrò rẹ, tó wà lára àwọn atukọ̀ wa, ti pè ọ́ pé ọkọ̀ ojú omi abúlé wa gba ife-ẹ̀yẹ eré ìje. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé kò sọ bí a ṣe gbà á fún ọ, ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà sì ju èje lọ. Ẹ̀rín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wá ibi kan jókòó sí, má sì mu tíì lọ́wọ́ bí o ṣe ń ka lẹ́tà yìí, kí ó má baà gba imú rẹ jáde.

O rántí pé ọdún méjìlélógún ni bàbá mi ti ń darí ọkọ̀ wa, tí ipò kejì sì ń tẹ̀ lé wa kiri bí ajá. Ó ti sọ fún àwọn olóyè yòókù pé ọdún yìí ló kẹ́yìn, nítorí ìbàdí rẹ̀ kò gbà á mọ́. Lọ́jọ́ eré, èmi àti kámẹ́rà ilé iṣẹ́ wà lórí èbúté, lọ́gangan ibi tí wọ́n ri àsíá ìparí sí. Ọkọ̀ wa àti ti abúlé Falemoana jọ ń bọ̀ ni, atukọ̀ mẹ́rìnlélógójì níbí, mẹ́rìnlélógójì lọ́hùn-ún, bàbá mi sì dúró nídìí ọkọ̀ tiwa, ó di àjẹ̀ ńlá tí ó fi ń darí rẹ̀ mú, ó ń fi gbogbo ara mì síwá mì sẹ́yìn. Mo gbàgbé pé oníròyìn ni mí. Mo ń pariwo, mo ń fò sókè, ìka mi nìkan ló rántí iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ gbà mí.

Níbi tí orí ọkọ̀ ti ń kan ìlà ni ìgbì kan gbé ìdí ọkọ̀ sókè, ó sì ju bàbá mi sẹ́yìn. Nígbà tí a máa fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, orí rẹ̀ ni a rí nínú omi.

Ìjà dé. Òfin eré náà ni pé gbogbo ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ nínú ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ẹ̀, tàbí kó ṣì di ohun kan mú lára ẹ̀, nígbà tí orí ọkọ̀ bá kan ìlà. Falemoana ní bàbá mi ti já bọ́ kí a tó dé ìlà. Àwa ní lẹ́yìn tí a dé ìlà ni. Adájọ́ ní oòrùn wà lójú òun. Ìgbìmọ̀ eré gbẹ́sẹ̀ lé ife-ẹ̀yẹ náà, wọ́n ní ó di ọjọ́ Ẹtì, kí ẹni tó bá ní fọ́tò mú un wá. Àwọn ará Falemoana ní àwọn ò gba fọ́tò tí ọmọ ọ̀gá ọkọ̀ bá fi ọwọ́ gbé wá níkọ̀kọ̀. Kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn kí gbogbo ayé rí i, láti orí dé ìdí. Ìgbìmọ̀ sì gbà fún wọn.

Lọ́jọ́ Ajé mo ṣí fọ́tò tèmi lórí kọ̀ǹpútà. Ianeta, orí ọkọ̀ wa ti ré ìlà kọjá! Ìwọ̀n apá kan péré ni a fi ju Falemoana lọ. Mo yí ojú lọ sí ìdí ọkọ̀. Bàbá mi wà lófuurufú, ó nà gbalaja bí ẹni tó sùn sórí ẹní, ẹsẹ̀ méjèèjì lókè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣì di àjẹ̀ ńlá náà mú gírígírí. Lavalava tó ró mọ́ ìbàdí ti kọ́ igi ìdí ọkọ̀, ó sì dúró síbẹ̀, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ bí àsíá. Ohun tó wá kọjú sí gbogbo ọmọ Samoa ni ìdí bàbá mi. Kámẹ́rà náà dára púpọ̀, kò fi nǹkan kan pamọ́.

Olóòtú wa, Ọ̀gá Filemu, tó jẹ́ díákónì, fa àga sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ lórí fọ́tò eré ìdárayá kò ju ẹyọ kan lọ: “Bí ọbẹ̀ ni. Sè é títí omi ẹ̀ á fi gbẹ.” Mo gé e títí ó fi ku orí ọkọ̀ méjèèjì àti atukọ̀ mẹ́rin tó ṣíwájú, eyín wọn síta, omi ń ta lára àjẹ̀ wọn. Fọ́tò tó lẹ́wà jù tí mo yà rí nìyẹn, àmọ́ kò sọ ibi tí bàbá mi wà. Mo tún un ṣe, mo fi odindi ọkọ̀ sílẹ̀, mo gé e ní ọrùn ọwọ́ bàbá mi. Ọ̀gá Filemu wò ó.

“Ọwọ́ ta nìyí?”

“Ọwọ́ bàbá mi ni, sà.”

“Falemoana máa ní ọwọ́ ẹ ni.”

Mo gé e láti òkè, ẹsẹ̀ lọ, ohun tí mo fẹ́ kó lọ dúró. Mo gé e láti ìsàlẹ̀, ọwọ́ lọ, ìdí ṣì wà níbẹ̀. Ọ̀gá Filemu dábàá pé kí a fi ìpolówó ẹran inú agolo bo ojú ibẹ̀. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tó fi mi orí fúnra ẹ̀. “Rárá o. Wọ́n á ní a fi ẹran bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀.”

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ ti le nìyí. Bàbá mi ti gbọ́ ohun tó wà nínú fọ́tò náà. Láti ọjọ́ eré ló ti jókòó sílé, tó kọjú sí òpó, kò tilẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo gbé odindi ẹ̀ lọ bá a, kò wẹ̀yìn.

“Gé e,” ló wí. “Ibi tí ara mi bá ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni kó o ti gé e.”

“Bàbá, tí mo bá gé e, a ò ní gba ife.”

“Kí Falemoana máa gbé e lọ. Ipò kejì ò pa mí láti gbogbo ọdún yìí wá.”

Màmá mi, tó ń dín panikeke lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, nu ọwọ́, ó gba fọ́tò náà, ó gbé e sún mọ́ ojú. “Ìhòòhò wo lẹ̀ ń sọ? Ṣé ẹ fọ́jú ni? Aṣọ ló wọ̀ yìí.” Ó na ìka sí pe'a tí wọ́n fín sí i lára láti ìbàdí dé orúnkún. “Bàbá Moelagi, ìta ni mo dúró sí nígbà tí wọ́n ń fín in fún yín, tí ẹ ń ké bí ẹlẹ́dẹ̀. Ẹ fara dà á, ẹ sì parí ẹ̀. Ẹni tó wọ irú aṣọ yìí, ìgbì wo ló lè bọ́ ọ lára ẹ̀? Torí aṣọ yìí ni mo ṣe fẹ́ yín.” Èjìká bàbá mi mì, bóyá ẹ̀rín ni, bóyá ẹkún ni, ṣùgbọ́n kò yí ojú padà.

Ara rẹ̀ ni, kì í ṣe ara mi. Bàbá mi ni, olóyè sì ni. Mi ò lè tẹ̀ ẹ́ láìgba àṣẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi ń gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè sùn. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo pinnu láti gbọ́ràn. Mo mú èyí tó ku orí ọkọ̀ nìkan, mo gbé e síwájú rẹ̀ kí ó rí i pé kò sí níbẹ̀. Nítorí pé kò sí níbẹ̀, ó wò ó.

Ó mú un, ó yí i sí ìmọ́lẹ̀.

“Kí lèyí?”

“Orí ọkọ̀ wa ni. Ìlà nìyẹn, sà. Falemoana ló wà lẹ́yìn yìí.”

Ianeta, kò mọ̀! Nígbà tí a ń borí, ojú rẹ̀ wà lójú ọ̀run. Nígbà tó yọrí lómi, ọkọ̀ ti kọjá. Gbogbo ìgbà tí a ń sọ fún un pé àwa la borí, ó rò pé à ń tù ú nínú ni. Àṣé kì í ṣe ìtìjú nìkan ló jókòó tì, ó gbà pé òun ló ba eré náà jẹ́ fún gbogbo abúlé. Ó fi ìka wọn àlàfo tó wà láàárín orí ọkọ̀ méjèèjì, ó tún un wọ̀n.

“Èmi dà?”

“Ẹ ní kí n gé yín kúrò.”

“Gbé odindi ẹ̀ wá.” Ó wò ó láti orí dé ìdí, ó ń pe orúkọ àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mẹ́rìnlélógójì. Nígbà tó kan òun fúnra rẹ̀, ó wo ara rẹ̀ dáadáa, ó wá wò mí bí ẹni tí mo ṣẹ̀. “Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀, o wá yọ mí? Dá mi padà síbẹ̀.”

Ojú ìwé méjì tó wà láàárín ni Ọ̀gá Filemu fi tẹ̀ ẹ́, gbọọrọ bí ọkọ̀ náà gan-an. Ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ìwé po bọ́ sí imú Sakaria gẹ́lẹ́, ìdí nìyẹn tí kò fi sọ fún ọ. Lọ́jọ́ Ẹtì, ìgbìmọ̀ fi rúlà wọn orí ọkọ̀, wọ́n wo ọwọ́ tó wà lórí àjẹ̀, wọ́n gbé ife fún wa. Àwọn ará Falemoana fúnra wọn rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ọdún tó ń bọ̀, àwọn náà á bọ́ aṣọ.

Bàbá mi ti kan fọ́tò náà mọ́ òpó tó kọjú sí. Bí àlejò bá wọlé, á mú wọn lọ síbẹ̀. Àwọn àlejò máa ń wo ìdí ọkọ̀, wọ́n á máa di ẹ̀rín mọ́nú. Òun kì í fi ìka kan ara rẹ̀ rárá. Orí ọkọ̀ ló máa ń fi hàn wọ́n, á sì ní, “Ẹ wá wò ó. A ṣíwájú.”

Bá mi kí ọkọ rẹ, bá mi fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́nu, kí o sì sọ fún màmá rẹ pé màmá mi ń kí i. Bí o bá pe Sakaria, béèrè imú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí ohùn rẹ̀ há,

Moelagi.