Ọrùn Dúróònù Rẹ Tó Ń Gbọ̀n

Ajáàwà,
Ọjọ́rú.

Adéfúnmiláyọ̀ ọmọbìnrin mi,

Ìgbà tí mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù bàbá rẹ, pé eruku irin ni Àkàngbé tó ń bá ọ tún ẹ̀rọ ṣe ní Yábàá bá nínú ọrùn tó gbé kámẹ́rà dúróònù rẹ tó ń fò ya àwòrán, ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ṣé ara rẹ le? Ṣé iná ń dúró díẹ̀ ní Súrùlérè? Ọlọ́run tó dá iṣẹ́ rẹ padà fún ọ kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ mọ́. Àlàáfíà la wà, ewúrẹ́ dúdú ti bí méjì, bàbá rẹ ní òun ò ní tà wọ́n, à ń wò wọ́n.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́. Nígbà Àjíǹde tí mo wá kí ọ, o gbé dúróònù náà sórí tábìlì, o tan án, o wọ yàrá lọ mú bàtà. Mo ṣàdédé rí i tí orí kámẹ́rà rẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún sósì, tó ń gbọ̀n bí ọmọ tí gìrì mú. Mo sáré di ọrùn rẹ̀ mú, mò ń sọ fún un pé pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́. Mi ò mọ̀ pé bó ṣe máa ń jí nìyẹn. Nígbà tí àwòrán rẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, tí o bi mí pé ṣé mo fọwọ́ kàn án, mo ní rárá. Oorun ò kùn mí mọ́ látìgbà tí o sọ pé bí kò bá dára kó tó di Sátidé, àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó yóò lọ pe ẹlòmíràn.

O ní Àkàngbé pààrọ̀ bátìrì, pàbó. Ó gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú kó lè tún ìdúró kọ́, pàbó. Ó fi míta wọn wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wọ ẹ́ńjìnnì ọrùn náà, iye kan náà ni wọ́n pè, ó ní a jẹ́ pé kò tíì jóná. Ó wá pa á, ó fi ìka kan yí i jẹ́jẹ́, ó ń há níbì kan ṣoṣo, bí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣe máa ń há tí òwú bá kó sí i lábẹ́. Ó tú u, ó fi sẹ́lótéèpù lẹ irin wẹ́wẹ́ tí mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀ ti fà mọ́ra jáde. O ní ọjà Ládìpọ̀ ló ti kó o, níbi tí o gbé e balẹ̀ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó ń gé irin mọ́tò. Kì í ṣe èmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kí bàbá rẹ tún ohùn rẹ gbé sí i kí n gbọ́ ibẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n o tún ní ẹ́ńjìnnì náà ò ní búrọ́ṣì, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é láti ilé iṣẹ́. Ìdí tí ìdọ̀tí fi ráyè nìyẹn. Ra ọ̀kan fún un, má ṣahun.

Ó ku nǹkan kan. Nígbà tí ẹ̀rù ń bà mí, mo gba fọ́ọ̀mù àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Orúkọ aláìsàn, mo kọ ti Adéfúnmiláyọ̀. Ọjọ́ orí, mo kọ oṣù mẹ́jọ, láti ìgbà tí o ti rà á. Ibi tó ń dùn ún, mo kọ ọrùn. Mi ò purọ́ kankan. Àwọn ìyá ìjọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lánàá tí mo lọ sọ pé ọrùn ti dúró, Ìyá Ọláìtán, olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá, dì mọ́ mi, wọ́n bi mí ta ló ń bá ọ tọ́jú rẹ̀. Mo ní Àkàngbé ni, Yábàá ló ń gbé, ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n wá fa fìlà òwú kékeré kan yọ, wọ́n ní àwọn hun ún fún ọmọ náà. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, ó ní kí n máa bá ọmọ-ọmọ mi lọ.

Wọ́n ti kọ ìdúpẹ́ rẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ìwọ àti Àkàngbé àti ọmọ. Fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ fún ìrẹsì, nítorí wọ́n máa tẹ̀ lé wa délé. Bí o ṣe ń gbé e sókè lójoojúmọ́ tó ń balẹ̀ láìfarapa, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ náà ó máa lọ tí wàá máa bọ̀. Ṣùgbọ́n gbà mí nímọ̀ràn, ọmọ mi: ṣé kí n lọ jẹ́wọ́ fún Ìyá Ọláìtán kó tó di ọjọ́ náà, àbí kí o kúkú gbé dúróònù náà wá kí wọ́n fojú ara wọn rí i?

Èmi ni,
Ìyá rẹ.