Ẹja Mọ́tọ́lá Tó Ṣá

Sí Ìbídàpọ̀ ọmọ mi,

Ṣé o jí ire ní Savannah? Ṣé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì náà ò pọ̀ jù, ṣé o sì ń rí oúnjẹ gidi jẹ? Ọlọ́run tó mú ọ lọ kò ní já ọ jù sílẹ̀, àìsàn àwọn tí ò ń tọ́jú kò ní ràn ọ́. Àwa tí o fi sílẹ̀ ní Stockbridge wà dáadáa. Dáramọ́lá ọkọ rẹ ń lọ síbi iṣẹ́ ní McDonough, Mọ́tọ́lá ọmọ yín ń lọ sílé-ìwé, èmi ń ṣọ́lé.

Àárọ̀ mẹ́rin ni mo ti dé fìlà dúró níwájú ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà yín, èyí tí o fi ń rí wa tí o sì lè fi bá wa sọ̀rọ̀ láti Savannah, mo kí ọ, mo ní ṣé dáadáa lo sùn, o ò fọhùn. Ó yé mi. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ tí ò ń lọ le: pé Amẹ́ríkà ti yí ọ padà, pé mi ò mọ ọmọ tí mo bí mọ́, kí o ra tíkẹ́ẹ̀tì kí n máa lọ sílé. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe nǹkan kan, Ìbídàpọ̀. Dáramọ́lá ra àpótí gíláàsì tuntun fún ẹja Mọ́tọ́lá, àrọ̀ dúdú tí ẹ sọ ní Eli, bí ẹni pé orúkọ tán nílé ayé tí ẹ fi gbé ti àlùfáà fún ẹja. Èmi tí mo sin àrọ̀ fún ogún ọdún, mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi. Mo gbé e sínú tuntun náà, òkúta funfun ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, Eli ti ṣá bí aṣọ tí oòrùn pa!

O ṣáà mọ bí a ṣe ń ṣe nílé, ẹja tó bá fẹ́ kú, a kì í dúró dè é, ìkòkò ni. Mo gé àlùbọ́sà, mo lọ ata, mo gbé omi kaná. Ọ̀bẹ ti wà lọ́wọ́ mi nígbà tí Mọ́tọ́lá wọlé. Háà, ẹkún! Ó dì mọ́ gíláàsì, ó ní Eli ò ṣàìsàn, ilẹ̀ tó bá wà ni àwọ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ lé, ẹ̀rù ló sì ń bà á, kí n jẹ́ kó mojú ilé. Yorùbá ẹnu rẹ̀ wọ́, ṣùgbọ́n ó yé mi. Mo pa iná.

Ó da òkúta dúdú àtijọ́ sí igun kan, Eli wọ́ lọ síbẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó ti ń dúdú padà, ó ń jẹun, ó ń na irùngbọ̀n sí mi. Ojú tì mí o. Gbogbo àrọ̀ tí mo sìn, inú ẹrẹ̀ kan náà ni wọ́n gbé dàgbà, mi ò kó wọn lọ síbì kankan rí àfi ọjà.

Mò ń wo ẹja, ìwọ ni mò ń rò. Ọdún mẹ́fà lo ti wà nínú omi àwọn èèyàn yìí. Ò ń jẹun lórí ìdúró, o kí mi láìkúnlẹ̀ torí o ti fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́, èmi sì ti ń pọ́n ọ̀bẹ. Má bínú, ọmọ mi.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ká fi ra òkúta dúdú sí i, àpò kan tó. Ti tíkẹ́ẹ̀tì yẹn, fi í sílẹ̀ ná. Ata tí mo lọ wà nínú fíríìjì, a ó fi se ẹran dè ọ́.

Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ yóò gbà ọ́, o ò ní sọnù sájò. Láago méje àárọ̀, n ó ṣì máa dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bó o bá ti rí lẹ́tà yìí, jọ̀ọ́, dá mi lóhùn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Gabriel Ọláfimíhàn