Èsì Ẹ̀jẹ̀ Kaosarah

Màámi, ẹ gbé fóònù sétí dáadáa, mo mọ̀ pé ilé kún. Èmi Lateefat ni, láti Bódìjà.

Dókítà ti fún wa ní èsì ẹ̀jẹ̀ Kaosarah. Oògùn yẹn ṣiṣẹ́. Kòkòrò HIV ara ẹ̀ ti wálẹ̀ débi pé ẹ̀rọ ò rí i mọ́. Wọ́n ní kò tíì lọ tán o, ojoojúmọ́ ló ṣì máa lo oògùn, ṣùgbọ́n á dàgbà bíi ti ẹgbẹ́ ẹ̀. Kaba Iléyá èṣí ò wọ̀ ọ́ mọ́.

A ti kó kúrò ní Òkè-Àdó. Ilé yẹn ti há jù. Ibí dákẹ́ rọ́rọ́, kò sẹ́ni tó ń yọjú síni. Tí oògùn bá tán, ọmọọmọ yín fúnra ẹ̀ ló ń bó ìwé ara ike kó tó jù ú nù. Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ. Òkè-Àdó ló ti kọ́ ọ. Ẹ má ronú, a wà dáadáa.

Nígbà tí mo gbọ́ èsì náà, mo jáde síta, mo gbé fóònù, mo ń wá ẹni tí mo máa sọ fún. Mo ka gbogbo orúkọ ibẹ̀ tán. Ẹ̀yin nìkan ni.

Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Àdìó àtàwọn ọmọ. Ẹ ní iṣẹ́ ni ò jẹ́ ká wá ṣọdún. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ ohùn tí mo gbà sílẹ̀ yìí tán, ẹ pa á rẹ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.