Abẹ́ Fèrèsé Tí Kò Sí Mọ́

Màámi àtàtà,

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà lọ́hùn-ún. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ilé yín ní Ìjẹ̀bú-Igbó ti lọ. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ẹ máa ń gbá kí a tó jí, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wọ bàtà gùn, títì ló wà níbẹ̀ báyìí.

Àtúnṣe àdúgbò tí ìjọba fi ń tàn wá láti kékeré mi ló dé lóòótọ́. Títì fẹ̀, gọ́tà wà lọ́tùn-ún lósì, iná sólà ń tàn. Ó dára lójú, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbádùn rẹ̀? Ìyá Sùlíà, ọ̀rẹ́ yín, ti kó lọ sí Awà, kò sì sí ẹni tó mọ̀ mí ládùúgbò mọ́.

Ẹ̀yin lẹ ní kí a má kọ́ ohunkóhun sórí sàréè yín. Erùpẹ̀ lásán lábẹ́ fèrèsé yàrá yín, bí ẹ̀sìn ṣe wí. A ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fi símẹ́ńtì bo òkú wọn, àwọn òṣìṣẹ́ títì rí i, wọ́n sì ní sùúrù kí àwọn ẹbí kó o lọ sin síbòmíràn. Tiwa ńkọ́? Katapílà ti wó ilé kí n tó ti Àgọ́-Ìwòyè dé. Nígbà tí àfáà kó àwọn agbẹ́lẹ̀ wá, tí mo ní kí n nawọ́ síbẹ̀, n kò mọ ibi tí mo máa nà án sí. Abẹ́ fèrèsé ni mo mọ̀. Fèrèsé dà? Ràṣídì àbúrò mi ń tọ́ka síhìn-ín, èmi ń tọ́ka sọ́hùn-ún, a fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Wọ́n gbẹ́ títí, wọn ò rí yín. Ni àwọn òṣìṣẹ́ títì bá da ọ̀dà lé e.

Màámi, ọmọ wo ni kò mọ ibi tí ìyá rẹ̀ sùn sí? Inú ń bí mi sí wọn, inú ń bí mi sí ara mi. Ẹ má bínú, nígbà mìíràn inú ń bí mi sí ẹ̀yin náà. Òkúta kan ṣoṣo, ṣé ó pọ̀ jù ni?

Ní báyìí, tí mo bá ti dé títì yẹn, mo máa ń bọ́ bàtà. Oòrùn ń mú ọ̀dà gbóná, àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta mí, àwọn ọlọ́kadà rò pé orí mi ti dàrú. Láti ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dé òpin ni mo ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn ín, nítorí n kò mọ ibi tí ẹ wà.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó gbé bàtà lọ́wọ́.