Ẹran Inú Àpò Bàbá

Ẹsẹ̀-Ehoro,

Mo ti lọ síbi iṣẹ́ o. Búrẹ́dì lásán lo tún fẹ́ jẹ lọ sáré ìje, àbí? Ebi kì í wọnú kí eré wọ̀ ọ́! Ẹran gbígbẹ wà nínú abọ́ onídèérí. Ojúlówó ni, kò lọ́ràá. Ó ń gbé ara ró, ó ń mú iṣan le. Mu omi sí i, torí iyọ̀.

Bí mo ṣe ń ya á láàárọ̀ yìí, Bàbá ni mo rántí, lórí kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń pín lẹ́tà, ẹran nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì, ajá àdúgbò lẹ́yìn wọn. Bí wọ́n bá délé, àwa méjèèjì ni wọ́n ń pín ìyókù fún. Wọ́n á ní, "Mo ti yó." Àwa náà sì gbà wọ́n gbọ́!

Jẹ ẹ́ tán. Má fi kankan sílẹ̀ dè mí. Mo ti yó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ